Àlùbọ́sà Òòrẹ̀ àti Orúkọ Mẹ́rin Tí Mo Fi Sílẹ̀ Nínú Igbó Adákẹ́

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀ sí i, ẹ̀yin ènìyàn mi, nítorí ohùn mi kò lọ sókè mọ́. Àwọn ọdẹ mìíràn a máa fi ijó bẹ̀rẹ̀ ìtàn wọn. Èmi Ọdẹ́jìnmí, ọmọ Òkè-Ọparun, òǹkà ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ tèmi. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣọdẹ. Ẹfọ̀n méjì ni mo pa, èkejì sì ti gbé mi sórí ìwo kí n tó rí i pa. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wọ́ ara mi délé. Ejò bù mí jẹ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, ẹ̀ẹ̀kan ní àtàǹpàkò. Ìgbà kan wà tí agbo ìmàdò ká mi mọ́ orí igi fún ọjọ́ mẹ́rin, ní ọjọ́ kẹta ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ awọ àpò mi. N kò sọ èyí láti fi fọ́nnu. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé ẹni tí ń bá yín sọ̀rọ̀ kì í ṣe ojo, kí ẹ tó gbọ́ ohun tó sọ mí di ojo.

Ohun kan tún wà tí àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ mi kò ní: mo mọ̀wé. Ọdún márùn-ún ni mo fi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ lẹ́yìn tí mo bá ti oko dé. Èmi ni mo dàgbà jù níbẹ̀. Bẹ́ǹṣì wọn kúrú, orúnkún mi a fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan àgbọ̀n, olùkọ́ wa a sì máa nà mí gẹ́gẹ́ bí ó ti ń na àwọn ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ẹgba mẹ́tàdínlógún ni mo jẹ kí n tó lè kọ orúkọ bàbá mi. Nítorí náà, nígbà tí ìwé wá wọ orí mi tán, mo rò pé kò sí ohun tí ìwé kò lè tò. Ibẹ̀ ni àṣìṣe mi ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ewéko kan wà nínú igbó wa tí orí wọn wà nínú ilẹ̀, awọ lórí awọ bí àlùbọ́sà. Ní Òkè-Ọparun, àwa ọdẹ la ń sọ wọ́n lórúkọ. A kì í wo òdòdó wọn, a kì í sì wo ewé. Ipasẹ̀ la ń wò. Ẹranko tó bá hú u jẹ ló ni ín. Èyí tí ikún bá hú, àlùbọ́sà ikún ni. Èyí tí ìmàdò bá hú, àlùbọ́sà ìmàdò. Àwọn baba wa ní ohun tí ẹlẹ́jẹ̀ bá jẹ tí kò kú, ẹlẹ́jẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ lè jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà a máa fi ìnagijẹ kún un: ti etí odò, ti orí àpáta, èyí tó ń yún ọwọ́, èyí tí a kì í mú wọlé. Lọ́jọ́ kan, Olúọdẹ wa, Bàbá Akínwándé, pè mí, ó ní, "Akọ̀wé, kó wọn sínú ìwé fún wa, kí wọ́n má bàa bá àwa arúgbó lọ." Orúkọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n kà fún mi. Wọ́n rí játijàti lójú mi. Mo ní bí òòrẹ̀ bá hú mẹ́rin, ti òòrẹ̀ náà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kí la ń fi ìnagijẹ ṣe? Mo kó mọ́kànlélọ́gbọ̀n di mọ́kànlá. Ìwé náà mọ́ rekete. Bàbá Fáníyì nìkan, ẹni tí ojú rẹ̀ ti fọ́, ló bi mí pé, "Ọdẹ́jìnmí, èyí tí o gé sọnù yẹn, ṣé ìrù ni àbí orí?" Gbogbo ilé ẹgbẹ́ ọdẹ rẹ́rìn-ín, èmi náà sì rẹ́rìn-ín. Láàárín ọdún mẹ́ta, ìlú mẹ́jọ ló rán ènìyàn wá da ìwé náà kọ.

Ìyàwó mi ni Àwẹ̀ró. Ọmọ kò dúró fún wa, àwa méjèèjì náà la ni ara wa. Mo kọ́ ọ ní ìwé kíkà, inú ìwé àlùbọ́sà yẹn gan-an ni mo sì ti kọ́ ọ, nítorí kò sí ìwé mìíràn nílé. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tí ó ń wú láti ọrùn ẹsẹ̀ dé orúnkún, èmi wà lóko ọdẹ. Ó ṣí ìwé, ó kà á pé: "Àlùbọ́sà òòrẹ̀: a ń sè é mu fún ẹsẹ̀ wíwú." Ó tọ ipasẹ̀ òòrẹ̀ lọ sẹ́yìn ọgbà, ó wú ọ̀kan, ó sè é, ó mu ìdajì ife. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo dé, mo bá a lórí ẹní. Mo gbé ọwọ́ lé e láyà: ó lù, mo ka ẹní, mo ka èjì, kí ó tó tún lù. Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín sí mi.

"Ọkọ mi," ló wí, "mo kà á dáadáa. Kò sí ibi tí mo ti ṣì í kà."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ìwo ẹfọ̀n lọ. Mo sáré tọ Ìyá Abọ́dẹrìn lọ, arúgbó tó ń ṣe ìtọ́jú aboyún ládùúgbò wa. Ó wo àjẹkù inú ìkòkò, ó mi orí. Ó ní, "Ẹni tó bá jẹ èyí, ọjọ́ méje ló ní. Àbúrò rẹ̀ kan wà tó lè tú àyà tó dì. Mẹ́rin ni wọ́n, ojú kan náà ni wọ́n ní, orúkọ ni ìyá mi fi ń mọ̀ wọ́n, mo sì ti ń pe gbogbo wọn bí ìwé rẹ ti pè wọ́n láti ọdún mẹ́ta. Mo ti gbàgbé. Ìwọ lo pa wọ́n pọ̀, Ọdẹ́jìnmí. Lọ bá wọn nínú Igbó Adákẹ́, kí o bi wọ́n."

Ẹ̀yin ọdẹ tó wà níbí, ẹ mọ Igbó Adákẹ́. Ẹyẹ kì í ké níbẹ̀. Igi wó lulẹ̀ níbẹ̀ lójú mi, n kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní, ẹ̀gún mẹ́ta wọ ẹsẹ̀ òsì mi. Mo yọ méjì, ẹ̀kẹta wà níbẹ̀ títí di òní yìí. Lọ́jọ́ kejì, ní ìyálẹ̀ta, mo dé ibi òkìtì pupa kan, mo sì bá òòrẹ̀ kan tó ga tó ènìyàn, ó jókòó, ó fi ẹ̀gún kan tó fà yọ ní ẹ̀yìn ara rẹ̀ ń kọ nǹkan sára ewé kókò. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó o, bàbá."

"Bàbá ta ni?" ló dáhùn, kò sì gbé orí sókè. "Ìwọ tó o fi orúkọ onílé sọ oúnjẹ ilé rẹ̀. Mélòó nínú ìdílé mi lo ti pa?"

"Mẹ́rìnlélógójì."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀yìn rẹ̀ dún ṣaara-ṣaara. "Márùndínláàádọ́ta ni. Ọ̀kan gbé ọta rẹ wọ inú ihò lọ, ọjọ́ mẹ́fà ló fi kú. Ìwọ olóǹkà!"

Ojú tì mí. Mo ní kí ó jọ̀ọ́, kí ó fọ̀nà hàn mí, nítorí ìyàwó mi jẹ ohun tí òun ń jẹ.

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ta ló bẹ̀ ọ́? Ìgbà tí mo jẹ ẹ́, inú tèmi ni mo fi jẹ ẹ́. N kò yá inú ìyàwó rẹ lò. Bí mo bá rún egungun lẹ́nu lọ́la, ṣé iyán òòrẹ̀ lẹ ó máa pè é, tí ẹ ó wá gbé ọbẹ̀ sí i?" Ó da ẹ̀gún náà padà sẹ́yìn rẹ̀. "Gbé ìbọn yẹn kalẹ̀ fún mi, kí o máa lọ. Gba apá ibi tí ilẹ̀ ti rọ̀."

Ìbọn tí mo jogún lọ́wọ́ bàbá mi ni. Kí ẹni tí kò rìn nínú igbó lọ́wọ́ òfo rí má bú mi pé mo sunkún. Mo gbé e kalẹ̀, mo lọ.

Lọ́jọ́ kẹta, níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀, ọkùnrin kan dúró láàárín ọ̀nà. Orí rẹ̀ rí roboto, ara rẹ̀ funfun, awọ ara rẹ̀ sì ń bó ní ìpele-ìpele bí èèpo àlùbọ́sà. Aláwọ-Méje ni wọ́n ń pè é. Nígbàkígbà tó bá sọ̀rọ̀, ojú mi a máa ta, omi a sì máa dà lójú mi.

"Akọ̀wé," ló wí, "mo bọ́ ọ̀kan láṣọ, mo sunkún. Mo bọ́ èkejì láṣọ, àyà mi dúró. Aṣọ kan náà ni wọ́n wọ̀. Báwo ni n ó ṣe mọ̀ wọ́n kí n tó bọ́ wọn láṣọ? Bí o bá ṣì í, n ó bó ọ."

Mo ní, "Ewé wọn ni ẹ ó wò."

"Ewé kan náà ni." Ó di ọwọ́ ọ̀tún mi mú, ó bó awọ àtẹ́lẹwọ́ mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ẹni bó ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Mo pariwo, igbó kò sì jẹ́ kí ohùn mi jáde. Mo ní, "Ipasẹ̀ ẹranko tó hú u."

"Ìyẹn ló gbé ọ débí, aláìgbọ́n." Ó bó ti òsì.

Mo wo ọwọ́ mi méjèèjì, kò sí ìlà kankan níbẹ̀ mọ́, ẹ̀jẹ̀ ló kù. Gbogbo ohun tí mo kọ́ ní ọdún márùn-ún ń lọ, ó ń bọ̀ lórí mi, n kò rí ọ̀kan tó bá a mu. Mo ní, "Bàbá, n kò mọ̀."

Ó yà kúrò lọ́nà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. "Ìdáhùn nìyẹn. Bí o bá ti kọ ìyẹn sínú ìwé rẹ, ìyàwó rẹ ìbá máa gúnyán lónìí."

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo máa ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ tó mọ̀wé, wọn kì í sì í fẹ́ gbọ́. Ẹni tí kò mọ̀wé, bí kò bá mọ nǹkan, yóò béèrè. Àwa tí a mọ̀wé, bí a kò bá mọ nǹkan, a ó tò ó.

Lọ́jọ́ kẹrin, mo dé pẹ̀tẹ́lẹ̀ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Kò sí ewé kan níbẹ̀. Òdòdó nìkan ló yọ lórí ilẹ̀ lásán, lábẹ́ òdòdó kọ̀ọ̀kan sì ni orí ènìyàn wà, tí ojú rẹ̀ ń wò mí. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n. Láàárín wọn ni arúgbó obìnrin kan jókòó, tí gbòǹgbò kún àgbọ̀n rẹ̀ bí irùngbọ̀n. Ìyá Abẹ́-Ebè nìyẹn. Ìwé mi wà ní itan rẹ̀.

"Ìwọ lo kọ ọ́?" ló bi mí.

"Èmi ni, ìyá."

"Ìkọ̀wé rẹ dára." Ó yíjú sí àwọn mẹ́rin tí wọ́n wà lọ́tún rẹ̀, tí ojú wọn jọ ara wọn bí ìbejì méjì. "Ẹ sọ tẹnu yín."

Àkọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Ẹsẹ̀ wíwú ni mò ń wò sàn. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń jẹ́ orúkọ apànìyàn. Àwọn tó mọ̀ mí tẹ́lẹ̀ ti ń sá fún mi."

Èkejì ní, "Èmi kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé oúnjẹ ni mí. Mo dákẹ́ jẹ́ẹ́ nínú ilẹ̀ mi. Ìwọ lo kọ mí sí ara ohun tí à ń sè. Nísinsìnyí, ẹ̀jẹ̀ wà lọ́rùn mi tí n kò bẹ̀."

Ẹ̀kẹta kàn wò mí, ó ní, "Ìnagijẹ mi ni 'èyí tí a kì í mú wọlé.' O pa á rẹ́ nítorí ó gùn."

Ẹ̀kẹrin ń wo àtẹ́lẹwọ́ mi tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Òun ló lè tú àyà tó dì. N kò tíì mọ̀ nígbà náà.

Ìyá Abẹ́-Ebè fa ewé ìwé mi ya, ó jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ wọ́n lórúkọ lọ́tun, kì í ṣe àwọn mẹ́rin nìkan, gbogbo mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Ẹ̀yin ará, orúkọ tó ń sọ ni ìdánimọ̀ wọn. Ohun tí awọ kẹta ń ṣe bí ọ̀bẹ bá kàn án, iye ọjọ́ tí òdòdó fi ń dúró kí ewé tó yọ, bí ó ti ń ṣe sí ọwọ́ àti bí ó ti ń ṣe sí àyà, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú orúkọ kọ̀ọ̀kan, ó sì rọrùn lẹ́nu débi pé ọmọdé lè máa fi ṣeré. Mo ń pè é tẹ̀ lé e. Nígbà tí a dé ti òòrẹ̀, mo pe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sì mọ̀ wọ́n bí mo ti mọ àwọn ẹ̀gbọ́n mi. Inú mi dùn. Ìgbà kan ṣoṣo tí inú mi dùn nínú ìrìn àjò yìí nìyẹn.

Ìyá náà wá ní, "Ọ̀kan ni wàá mú lọ. Bí o bá gbé orúkọ wọn sẹ́nu, ọwọ́ rẹ yóò ṣófo. Wàá fi í tún ìwé rẹ ṣe ní gbogbo ìlú tó wà. Bí o bá gbé ẹ̀kẹrin yìí sọ́wọ́, ẹnu rẹ yóò ṣófo. Wàá fi í gba ìyàwó rẹ là. Ẹnu tàbí ọwọ́?"

"Ìyá, bí mo bá mọ orúkọ rẹ̀, mo lè wá a wú nítòsí ilé."

"Kò sí nítòsí ilé rẹ mọ́. Ẹ ti wú u tán níbi tí ẹ ti ń wá àwọn yòókù."

"Ẹ ṣàánú mi, ìyá."

"Àánú ni mo ṣe tí mo fi fún ọ ní méjì mú ọ̀kan."

Mo rántí àyà Àwẹ̀ró: ó lù, ẹní, èjì. Ẹ má bi mí léèrè bí mo ṣe rò ó. N kò rò ó. Mo na ọwọ́ mi tí kò láwọ, mo gbé ẹ̀kẹrin.

Ṣùgbọ́n ọdẹ ni mí, ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ wà nínú mi. Bíírò mi wà nínú àpò. Bí mo ti kẹ́yìn sí wọn, mo yára kọ orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti òòrẹ̀ sí apá òsì mi láti orí ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́, mo fa aṣọ bò ó, mo ń sáré. Odò kékeré kan ni ààlà igbó náà. Bí ẹsẹ̀ mi ti kan omi ni apá náà bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi, tí ó ń jó, tí ó ń wú. Mo bojú wẹ̀yìn, gbogbo òdòdó mọ́kànlélọ́gbọ̀n ti fa ara wọn tu nínú ilẹ̀, wọ́n ń yí bọ̀ lẹ́yìn mi bí òkúta lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ọ̀kan bà mí ní gìgísẹ̀, ẹsẹ̀ náà kú tipiri. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ wọ́ ara mi gun bèbè odò. Nígbà tí mo wo apá mi, ibi tí mo kọ̀wé sí ti bó kúrò tòun ti orúkọ, ó ń bá omi lọ. Ẹ wò ó. Láti ibí dé ibí. Irun kò hù níbẹ̀ mọ́.

Mo jókòó, mo gbìyànjú láti pe èyí àkọ́kọ́. Kò sí lẹ́nu mi. Mo gbìyànjú èkejì. Mo rántí bẹ́ǹṣì ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́, mo rántí ẹgba mẹ́tàdínlógún, mo rántí ọjọ́ tí ejò kọ́kọ́ bù mí jẹ. Èmi tí n kò gbàgbé ìyà kan rí láyé mi, n kò rántí orúkọ mẹ́rin.

Ọjọ́ keje, ní ọ̀sán, ni mo délé. Ìyá Abọ́dẹrìn sè é, ó fi ṣíbí rọ ọ́ sí Àwẹ̀ró lẹ́nu. Kí oòrùn tó wọ̀, mo gbé ọwọ́ lé e láyà, n kò sì ráyè ka ẹní. Láàárín oṣù kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ fà, ó ń rìn. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bi mí ni pé, "Àwọn orúkọ náà ńkọ́?" Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ó ní, "Ọkọ mi, ọ̀wọ́n gógó lo rà mí."

Mo lọ sí ilé ẹgbẹ́ ọdẹ, mo ní ìwé mi ń pa ènìyàn. Bàbá Akínwándé ní, "Ó dáa. Fún wa ní tuntun kí a tó fà ti àtijọ́ ya." Kò sí tuntun. Mo já ewé àlùbọ́sà òòrẹ̀ yọ nínú ìwé ẹgbẹ́ níwájú wọn, wọ́n sì lé mi jáde nínú ẹgbẹ́. Láti ìgbà náà, èmi àti Àwẹ̀ró ń lọ láti ìlú dé ìlú, níbi tí wọ́n ti da ìwé náà kọ. Àwọn kan fún wa, a sun ún. Ní àwọn ibòmíràn, ikú ti débẹ̀ ṣáájú wa. Lánlẹ́hìn, àgbẹ̀. Iyámidé, tí ó lóyún oṣù méje. Àwọn ọkọ àti aya kan tí wọ́n jọ mu ún nínú ife kan. Mẹ́sàn-án ni wọ́n títí di báyìí, mo mọ orúkọ gbogbo wọn.

Ìjẹ̀dó ni ìlú kẹjọ. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá la débẹ̀. Olúọdẹ wọn, Bàbá Ògúngbadé, gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, ó gbọ́ ìtàn yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àwọn obìnrin ilé rẹ̀ sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń gbọ́. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Ọdẹ́jìnmí, o ṣe ọkùnrin. Ṣùgbọ́n bí mo bá fún ọ ní ìwé yìí, tí ẹsẹ̀ bá wú ẹnìkan lọ́la, kí ni n ó ní kí wọ́n wú?"

"N kò mọ̀, bàbá."

"Kí ni n ó ní kí wọ́n má wú?"

"N kò mọ orúkọ rẹ̀."

Ó kẹ́dùn, ó fi ìwé náà bọ àjà padà. "Ojú ọ̀nà tí kò gún ṣì sàn ju kí a máa rìn nínú igbó lọ. Ẹ jẹun kí ẹ tó máa lọ."

Àwẹ̀ró jáde. A ti rìn láti àárọ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ká aṣọ sókè díẹ̀, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì síta kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i. Ìyá arúgbó kan tí ẹsẹ̀ tirẹ̀ wú bí òpó sún mọ́ ọn, ó tẹ ojúgun rẹ̀ wò.

"Ẹ wo bó ṣe fà dáadáa. Ìyàwó ọdẹ, kí lẹ lò sí i?"

Kí Àwẹ̀ró tó lanu, ọmọ ìyá náà ti dáhùn lẹ́yìn rẹ̀. "Ah, Màámi, ṣé ẹ ò gbọ́ ni? Àlùbọ́sà òòrẹ̀ ni. Ó wà nínú ìwé Bàbá."

Àwẹ̀ró kígbe pé rárá, rárá o, mo sì dìde, èmi náà ń kígbe. Wọ́n ń fi ọwọ́ rọ̀ wá pé kí a má ṣe ìyọnu, àwọn ti gbọ́. Wọ́n ti ń bi ara wọn léèrè ibi tí òòrẹ̀ ti hú ilẹ̀ lẹ́bàá odò. Àwẹ̀ró fa aṣọ bo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ti rí i.